Òórùn ẹja yíyan nínú fíríìjì: ṣé baking soda lè gbà mí?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ilé o. Wọ́n fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi láti ọjà Olúwo. Mo tò ó sí fíríìjì, ni gbogbo ibẹ̀ bá ń rùn, títí kan bọ́tà. Bàbá wọn ní kí n kó o dànù, mo ní kó kọ́kọ́ kó èmi náà dànù. Ẹnì kan ní baking soda lè gbà mí. Ṣé lóòótọ́ ni?

Àǹtí Ṣadé, Dublin: Lóòótọ́ ni, àmọ́ kọ́kọ́ di ẹja náà sínú ike tó ní ìdérí tó le. Bó bá ṣì wà ní gbangba, asán ni gbogbo wàhálà rẹ. Po ṣíbí ìjẹun méjì mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà kan, fi nu inú fíríìjì, kó o tún fi omi lásán nù ún. Bu díẹ̀ sínú àwo tí kò ní ìdérí, kó o gbé e sẹ́yìn níbẹ̀, kó o máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Tó o bá fẹ́ rà á, bicarbonate of soda ni wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Níbí, bread soda ni. Má ra baking powder o, ásíìdì àti sítáàṣì ti wà nínú ìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, Houston: Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Ohun kíkan ni sódà máa ń bá jà: wàrà tó ti bà jẹ́, ọbẹ̀ tó ti kan, bàtà tó ń rùn. Èéfín ní ásíìdì nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí òórùn ẹja yíyan. Ẹja tútù kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú ẹja tútù rùn kì í ṣe ásíìdì rárá, ẹgbẹ́ sódà ló wà, kò sì sí bí sódà ṣe máa pa á. Tí ìyá mi bá ti ha ẹja tán ní Ẹ̀pẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń fọwọ́. Òun náà ni kẹ́ ẹ fi nu pákó tẹ́ ẹ gé ẹja lé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé o, bọ̀ọ̀dá. Fínígà ńkọ́? Mo rí i lórí fóònù tí wọ́n ń pò ó mọ́ sódà, tó ń hó yàà.

Bọ̀ọ̀dá Kúnlé: Híhó yẹn ló ń tan yín. Afẹ́fẹ́ ló ń jáde níbẹ̀. Bó bá hó tán, àwọn méjèèjì ti pa ara wọn, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ju omi lásán lọ. Ẹ lo ọ̀kan, kẹ́ ẹ ṣàn án kúrò, kẹ́ ẹ tó lo èkejì. Ẹ má sì dé wọn pọ̀ mọ́ inú ìgò o, ó lè bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìyá Ràfíù, Toronto: Èmi ò mọ ti ásíìdì, ìkòkò tó jó ni mo fi ń fọ̀ ní tèmi. Lọ́jọ́ tá a se ìrẹsì Káyókáyọ̀, ọdún àwa ará Ẹ̀pẹ́, níbí, ìsàlẹ̀ ìkòkò di èédú pátápátá. Mo da omi sí i, mo bu sódà ṣíbí mẹ́ta lé e, mo sè é títí tó fi hó dáadáa, mo wá gbé e sílẹ̀ di àárọ̀. Ṣíbí onígi ni mo fi họ ọ́ kúrò. Ife tí tíì ti sọ di pupa, ẹ fi kàǹrìnkàǹ tútù àti sódà fọ̀ ọ́. Kápẹ́ẹ̀tì náà, ẹ wọ́n ọn sí i lálẹ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ gbá a láàárọ̀. Ìkòkò alumíníọ̀mù nìkan ni kẹ́ ẹ yọ sílẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ dúdú.

Bísí, Leicester: Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè rọ́pò kàún nínú ewédú?

Àǹtí Ṣadé: Ó lè rọ́pò rẹ̀ dáadáa, Bísí. Orí ìka ni kó o fi mú un, má bù ú ní ṣíbí. Bó bá pọ̀, ewédú á máa ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu. Bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nílé, má tilẹ̀ fi sí i. Ṣíbí tíì kan péré ní sódíọ̀mù tó lé ní 1,200 mílígíráàmù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ti àgbàlagbà má tó 2,000 lóòjọ́. Bó o bá sì ní kí wọ́n bá ọ rà á nílé, ṣàlàyé dáadáa pé ti ìdáná lò ń wí, kí wọ́n má lọ gbé sódà àwọn aṣeọṣẹ fún ọ. Ìyẹn ń bó ara.