Ọmọ mi ní kí n sọ ẹni tó ba Manchester United jẹ́: kí ni kí n wí fún un?

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ń bá mi wo United láti kékeré. Kí wọ́n tó bí i ni Ferguson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa tó gba ife jù, ti fẹ̀yìn tì, kò tíì rí i kí a gba líìgì rí láyé rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí Tottenham nà wá ní 1-0 ní Bilbao, nínú àṣekágbá Europa League ní oṣù Karùn-ún 2025, ó bi mí pé, "Dádì, ta ló ba ẹgbẹ́ yìí jẹ́?" Mo ní àwọn Glazer, ìdílé tó ni ẹgbẹ́ náà, ni. Ó ní, "Ṣé àwọn Glazer ló ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ní báyìí ó ń sọ pé òun fẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Liverpool.

Sáà yẹn, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún la wà, pẹ̀lú àmì 42. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọmọ, mi ò sì fẹ́ fipá dè é mọ́ ẹgbẹ́ kankan. Àmọ́ bó bá máa lọ, kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọrùn ta ni ẹ̀bi yìí wà?

Àkànbí Pupa:
Ẹ̀gbọ́n, èsì tí ẹ fún un kò burú, ẹ kàn tètè dá a dúró ni. Ní 2005, Malcolm Glazer ra ẹgbẹ́ wa ní nǹkan bíi £790 mílíọ̀nù. Ó yá èyí tó pọ̀ nínú owó náà, ó sì gbé gbèsè rẹ̀ ka ẹgbẹ́ lórí. Ẹni tó yáwó ra màlúù, tó wá ní kí màlúù lọ ṣiṣẹ́ san án, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Kó tó dé, a ò jẹ gbèsè. Láti ìgbà náà, bí owó bá ti wọlé, èlé ló ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀.

Ẹ fi fídíò oṣù Karùn-ún 2024 han ọmọ yẹn, ọjọ́ tí Arsenal nà wá ní 1-0. Òjò dé, omi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti orí òrùlé Old Trafford sórí ìjókòó àwọn èèyàn tó sanwó wọlé. Àwọn ènìyàn ń sá, wọ́n ń fi jákẹ́ẹ̀tì borí. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kan tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ìyá Táíwò:
Àkànbí, òótọ́ ni gbèsè wà, àmọ́ a ò lè sọ pé wọn ò náwó. Lẹ́yìn Ferguson, owó tí a ná sórí agbábọ́ọ̀lù ju bílíọ̀nù kan pọ́ùn lọ. Ta ló ń yan ẹni tí a ó rà? Ibẹ̀ ni wàhálà wà lójú tèmi.

Ẹ wo Pogba. Ní 2012, ó fi wá sílẹ̀ lọ sí Juventus, owó táṣẹ́rẹ́ la rí gbà. Ní 2016, a lọ fi £89 mílíọ̀nù rà á padà, kò sí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n tíì rà tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ní 2022, àdéhùn rẹ̀ parí, ó tún gba Juventus lọ, a ò rí kọ́bọ̀. Ẹ tún wo Fellaini. Iye kan wà nínú àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Everton tí a lè san kí oṣù Keje 2013 tó parí. A jókòó tẹtẹrẹ títí ọjọ́ náà fi kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti ọjà agbábọ́ọ̀lù pa la tó sáré san £27.5 mílíọ̀nù, iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún yẹn kan náà ni Ferguson àti David Gill, ọ̀gá àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ra agbábọ́ọ̀lù, jọ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gba ipò Gill, Ed Woodward, iṣẹ́ báǹkì ló ti ń ṣe kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wá owó ìpolówó, kò mọ ẹni tó yẹ kó wà láàárín pápá.

Bàbá Àgbà:
Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń yẹra fún orúkọ kan. Ferguson gba líìgì mẹ́tàlá fún wa tán, ó ṣe tán láti lọ, ta ló fi sílẹ̀? Giggs ti pé ọdún 39, Ferdinand 34, Scholes náà jọ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún Moyes tó gba ipò rẹ̀, kí ni kó ṣe?

Àkànbí Pupa:
Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn àgbà ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi àmì 11 ju Manchester City lọ ní sáà yẹn.

Bàbá Àgbà:
Ferguson ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ṣẹ̀gun Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì:
Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn o! Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbá a sẹ́yìn torí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rà wọ́n. Van Gaal fẹ́ kí a máa di bọ́ọ̀lù mú, Mourinho fẹ́ kí a dènà ná, Solskjær fẹ́ eré sísá, Ten Hag mú àwọn tó mọ̀ láti Ajax, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, wá, Amorim ní ẹni mẹ́ta ni kó máa wà lẹ́yìn. Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan bá lọ, àwọn tó rà ò lọ. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Àwa olólùfẹ́ náà ò mọ́wọ́ kúrò. Ní oṣù Kẹta 2019, lẹ́yìn tí a lọ na PSG ní 3-1 ní Paris, ariwo tí a pa ni pé kí wọ́n fún Solskjær níṣẹ́ náà pátápátá. Wọ́n fún un kí oṣù náà tó parí. Ipò kẹfà la parí sí.

Ìyá Táíwò:
Bàbá ọmọ, lórí Liverpool tó fẹ́ lọ: ẹ sọ fún un pé láti 1990 di 2020 ni àwọn yẹn fi wá líìgì. Àwa náà, láti 1967 di 1993, a sì já sí ìpele kejì ní 1974 láàárín rẹ̀. Ẹ má bá a jà. Ẹ sọ ìtàn náà, kó yan èyí tó wù ú.

Oníbèéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, ó jókòó tì mí, ó ń kà á. Ó ní kí n bi yín: kí ló dé tí àwọn Glazer ò ta ẹgbẹ́ náà?

Àkànbí Pupa:
Wọ́n ta díẹ̀, àbúrò. Láti oṣù Kejì 2024, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó wà lọ́wọ́ Jim Ratcliffe, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì ń darí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Glazer. Kó tó pé ọdún kan, wọ́n ti sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó kù fún sáà náà di £66, kò sí ẹ̀dínwó fún ọmọdé. Torí náà, tí o bá ń pín ẹ̀bi, fún Ratcliffe náà ní tirẹ̀.