Ìmọ̀ràn: ọta wo ló dáa fún ehoro ìgbẹ́? Síńgù bárẹ́ẹ̀lì ni mo ní

Àgbẹ̀ Ìtókin:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin ọdẹ. Mo ní oko ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ́nà Ìtókin níbí, ehoro ò jẹ́ n sinmi mọ́, bí ẹ̀wà bá ti yọ ewé méjì báyìí wọ́n á ti gé e dé ilẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n jẹ poro mẹ́ta tán lóru ọjọ́ kan. Bàbá mi fi ìbọn síńgù bárẹ́ẹ̀lì kan sílẹ̀, 12 ni ìwọ̀n ẹnu ẹ̀ (12 gauge), ó ti pẹ́ gan-an, mo sì ti gba láísẹ́ńsì ẹ̀ lórúkọ ara mi. Ẹni tó ta ọta fún mi kó bọ́kì, ìyẹn ọta olójé ńláńlá, lé mi lọ́wọ́, ó ní ìyẹn ló ń pa ẹran. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ ba ehoro yẹn rárá, ó kàn fò wọgbó. Ìkejì bà á, àmọ́ ìdajì ẹ̀yìn ẹ̀ ti fọ́n ká, kò sóhun tí mo rí gbé délé. Ẹ jọ̀ọ́, ọta wo ni kí n rà? Ẹ̀gbọ́n mi kan tún ní ráífù .22 ló dáa jù fún ehoro, ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ọdẹ Ìlará:
Ẹni tó ta bọ́kì fún ẹ fún ehoro ò ṣe dáadáa o. Ẹran ńlá ni wọ́n ṣe bọ́kì fún. Tó o bá tú ọta bọ́kì 00 kan, mẹ́sàn-án péré ni òjé tó máa ń wà nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó milimítà 8. Tí mẹ́sàn-án yẹn bá ti fọ́n ká lójú afẹ́fẹ́, àlàfo tó wà láàárín wọn gba ehoro kọjá, ìdí nìyẹn tí àkọ́kọ́ fi tàsé. Tí méjì bá sì wá jàjà bà á, wàá rí ohun tó o rí yẹn.

Nọ́ńbà 5 tàbí 6 ni kó o béèrè. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni òjé ń kéré sí i. Nínú 6 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, milimítà 2.6 ni òjé kọ̀ọ̀kan, nínú 5 ó jẹ́ 2.8, o máa rí òjé tó ju igba lọ nínú ọta kan. Ibi tó ti máa ń da èèyàn rú ni pé 6 ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 ti Gẹ̀ẹ́sì, torí náà má wo nọ́ńbà nìkan, wo milimítà tí wọ́n kọ sára páálí. Tó bá ti wà láàárín 2.5 sí 2.8, rà á. Má rà 8 tàbí 9, ẹyẹ ni ìyẹn wà fún, á kàn ṣe ehoro léṣe ni, á lọ kú sínú igbó níbi tó ò ti ní rí i. Ìyẹn máa ń dùn mí ju ká tàsé lọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Nílùú Òyìnbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ráífù, ẹ̀gbọ́n ẹ ò parọ́, àmọ́ ibi tí mo wà níbí ló ti bá a mu. Ní England .22 ni àwọn àgbẹ̀ fi ń pa ehoro, mo máa ń tẹ̀ lé ọ̀kan lọ lálẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò ni 40 grain, ìyẹn bíi gíráàmù 2.6, orí ẹ̀ ní ihò, kò sì yára tó ìró, bíi mítà 320 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ìró ń lọ bíi 340. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í hó pàà lójú afẹ́fẹ́, ehoro kan á ṣubú, àwọn tó kù á ṣì máa jẹun. Ihò orí ẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó là nínú ẹran, èyí tí orí ẹ̀ le á kàn gún un kọjá ni, ẹran á sì sá lọ tòun ti ọgbẹ́. Orí ni wọ́n ń yìn ín sí, wọn kì í ju bíi 60 mítà lọ. .17 HMR náà wà, ìyẹn ọta ráífù mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju .22 lọ, ó jáde ní 2002, ó yára gan-an, ó sì ń dé ọ̀nà tó jìn, àmọ́ tó bá ba ara ehoro, ẹran ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọta .22 tó ò mọ ibi tó ń lọ lè rin ju kìlómítà kan lọ kó tó balẹ̀, tó bá ba òkúta tàbí omi ó lè ta padà. Níbí òkè ló máa ń wà lẹ́yìn ehoro tí wọ́n bá fẹ́ yìn ín. Ìtókin tẹ́jú pẹrẹsẹ, oko ẹni ẹlẹ́ni ló wà lẹ́yìn oko ẹ. Mi ò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn lọ́wọ́ wọn níbí, láti 1892 ni òfin wọn ti ní kí wọ́n má ta ehoro tí wọ́n ń pè ní hare (kì í ṣe rabbit) láti March títí July parí, torí ìgbà yẹn ló ń tọ́ ọmọ.

Bàbá Ọdẹ Odòràgùnṣin:
Àrìnpa o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ráífù yẹn, ẹ jẹ́ ká pa á tì. Òfin ìbọn 1959 ò fàyè gba kéèyàn ní ìbọn kankan láìní láísẹ́ńsì, láísẹ́ńsì síńgù bárẹ́ẹ̀lì ẹ ò sì lè bo ráífù.

Ohun tó ń já mi láyà nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni pé ìbọn bàbá ẹ ti pẹ́. Ọmọ mi, kó o tó yin ọta mìíràn, wo abẹ́ bárẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá ibi tá a ti ń ki ọta bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn àtijọ́, milimítà 65 ni gígùn yàrá ọta wọn, ọta tó pọ̀ lọ́jà báyìí jẹ́ 70, òmíràn 76. 70 á wọnú 65 wẹ́rẹ́ o, torí ẹ̀ ló ṣe ń tan èèyàn. Gígùn tí wọ́n kọ sí i ni ti ìgbà tí ẹnu ọta bá ti là tán, tí ò bá sì ráyè là, agbára á há sínú bárẹ́ẹ̀lì, ojú rẹ ló sì sún mọ́ ọn jù. Gbé ìbọn yẹn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé páálí ńlá kan kọ́ ara ẹbè tó ga, tí kò séèyàn lẹ́yìn ẹ̀, ya ehoro sí i bó ṣe tóbi gan-an, ka ìṣísẹ̀ 30, yìn ín, kó o lọ ka ihò tó wà nínú ehoro yẹn. Tí ò bá pé márùn-ún, sún mọ́ ọn. Ìbọn méjì kì í tu òjé bákan náà, ẹnu èmi tàbí ti ẹlòmíì ò lè sọ tìẹ fún ẹ. Má sì yìn ín ní ìṣísẹ̀ 10, á fọ́ ọ. Tó bá jẹ́ alẹ́ lo fẹ́ lọ, ojú tó ń tàn nínú iná lásán kì í ṣe ẹran, dúró títí wàá fi rí etí àti ẹ̀yìn ẹ̀, torí ewúrẹ́ lójú, èèyàn náà lójú.

Ẹlẹ́ran Olúwo:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí ọwọ́ àwa ní ọjà Olúwo ni ẹran yín ń bọ̀. Èyí tí ìbọn fọ́ ní ìdí, ìgbẹ́ á ti kún inú ẹran, mi ò kì í rà á, ẹ má gbé e wá. Orí àti igbá àyà ni kẹ́ ẹ yìn ín sí. Kẹ́ ẹ sì tètè tú ìfun ẹ̀ jáde, ooru wa ò dúró dé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ nílé, ẹ fi ìka wá gbogbo òjé yẹn, kẹ́ ẹ gé ẹran tó dúdú yí ojú ihò ká dànù, òjé ò dáa fún ọpọlọ ọmọdé àti aboyún rárá. Mo ti rí oníbàárà tí eyín ẹ̀ kán lórí ẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìtókin:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Bàbá, mo wo abẹ́ bárẹ́ẹ̀lì, 65 ni wọ́n kọ síbẹ̀! Bọ́kì tí mo yìn lẹ́ẹ̀mejì yẹn, 70 ni, mo kàn jókòó sílẹ̀ nígbà tí mo rí i. Mo gbé e fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ó ní kò tíì là, kò sì mì. Mo dá ọta tó kù padà, ó pẹ́ kí n tó rí 65 nọ́ńbà 6 rà, gíráàmù 30 ni òjé inú ẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo ya ehoro sórí páálí: ní ìṣísẹ̀ 30 ihò mẹ́ta, ní ìṣísẹ̀ 25 ihò méje. Ìṣísẹ̀ 25 ni mo dúró lé. Ìyá wa l'Ólúwo, èyí tí mo bá kọ́kọ́ pa, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan jẹ́ tiyín.