Ṣé wọ́n lè gún abẹ́rẹ́ oṣooṣù àbúrò mi ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà abúlé wa?

Àdùkẹ́_Ọ̀dẹ̀dá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, ń gbé lọ́dọ̀ màmá wa lábúlé, lágbègbè Ọ̀dẹ̀dá. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Kì í sùn, kì í wẹ̀, ó ní a fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. A gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi. Mi ò lè gbàgbé egbò yẹn láéláé. Ìgbà tó yá la gbé e dé ilé ìwòsàn ọpọlọ, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì mú un padà bọ̀ sípò. Ó ti ń bá màmá bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí, ó tún ti ń rẹ́rìn-ín.

Owó ọkọ̀ ló ń dà wá láàmú. Ọ̀kadà jáde sí títì, kí wọ́n tó wọ mọ́tò, àwọn méjèèjì lọ, àwọn méjèèjì bọ̀: ₦9,000, a ò tíì ra oògùn. Oṣù tí owó ò sí, wọ́n jókòó sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ohùn yẹn fi padà.

Bẹ́ẹ̀ màmá fúnra wọn ń lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà abúlé lóṣooṣù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Nígbà tí wọ́n béèrè nípa abẹ́rẹ́ yìí, ẹnìkan dá wọn lóhùn pé, “A kì í tọ́jú wèrè níbí.” Ẹkún ni màmá sun délé. Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò lè ṣe é?

CHO_Ẹ̀gbá
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi bẹ màmá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí. Wọ́n lè ṣe é. Láti 2011 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ti ń kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ògùn bí a ṣe ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wárápá, àti ọtí tàbí oògùn olóró tó ti di bárakú. Èyí tó bá ju agbára wa lọ, a ó kọ̀wé lé e lọ́wọ́ kó lọ bá wọn. Arò gan-an, abúlé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, kí wọ́n tó kọ́ ilé ìwòsàn yẹn tán, Dókítà Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, mọ̀lẹ́bí wọn sì ń bá wọn gbébẹ̀.

Ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà: orúkọ abẹ́rẹ́, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn. Ọ̀gá ibẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè bóyá benzhexol, oògùn tó ń dẹ ara, wà nílẹ̀, torí abẹ́rẹ́ náà lè mú kí ara le gbagidi tàbí kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kí wọ́n wo ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ pẹ̀lú. Oògùn wọ̀nyí a máa mú ẹlòmíì sanra. Àmọ́ o, oògùn a máa tán lọ́wọ́ wa. Bí agbára bá ká a, ẹ ra ti oṣù méjì, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tí oòrùn ò dé.

Bàbá_Tádé
Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi jẹ́rìí. Lẹ́yìn tó bí ọmọ wa kejì, kì í fẹ́ wojú ọmọ. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ọjọ́ tó gbé ọmọ lọ gba àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, obìnrin tó ń wọn ọmọ bi í ní nǹkan méjì: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ọkàn rẹ ń wúwo? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ? Ló bá bú sẹ́kún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Aládùúgbò kankan ò fura, ọmọ ni wọ́n rí lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ni wọ́n ní kó lọ, ìyá mi ò ní gbà. Èmi náà lè má gbà.

Ìyá_Ìjọ
Ilé àdúrà ni èmi náà ń bójú tó. Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ forí jì wá nítorí ẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n ti dán an wò ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà pé kí òṣìṣẹ́ ìlera àti àwa jọ máa tọ́jú aláìsàn, èsì rẹ̀ jáde ní 2020: àwọn aláìsàn tí òṣìṣẹ́ ìlera ń wá wò lọ́dọ̀ wòlíì àti oníṣègùn ìbílẹ̀ sàn ju àwọn tí wọn ò jọ tọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì ń wọlé, àdúrà ń lọ.

Àdùkẹ́_Ọ̀dẹ̀dá
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo pe ọ̀gá ibẹ̀ lánàá. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n sọ sí màmá, wọ́n ní kí a mú lẹ́tà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Màmá àti ọmọ wọn á jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àbúrò mi bi mí bóyá wọ́n máa pe òun ní wèrè níbẹ̀. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, èmi ni máa tẹ̀lé wọn lọ.