Irin abẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́: kí la lè ṣe kí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù tó dé?

Ará Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Corolla ọdún 2006 ni. Ó yege MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ní UK, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síwèé pé abẹ́ rẹ̀ ti ń dógùn-ún. Ṣé kí n kàn ra ọ̀dà dúdú onírọ́bà yẹn kí n fi kùn ún?

Ará Glasgow: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀dà onírọ́bà bá pẹ́, ó máa ń gan, á sì sán. Omi oníyọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní í rọ́nà jáde, irin á wá máa jẹrà lábẹ́ ọ̀dà tó ṣì ń dán. Wax (ohun bí ìda tí wọ́n ń fọ́n sára irin) tí kì í gan ló dára jù.

Ẹ kọ́kọ́ fọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa, pàápàá ẹrẹ̀ tó há sókè táyà, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ ń sá pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Orí kọnkéré tó tẹ́jú ni kí ẹ ti fi jáàkì gbé e, kí ẹ sì gbé e lé axle stand, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró láéláé. Ẹ wọ awò tó bo ojú.

Ẹ fi ìdí súkúdíráfà kan irin náà káàkiri. Èyí tó lágbára á dún ganran; èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀lọ̀, ó sì lè dáhò. Tó bá dáhò, ó di ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Tí ibi tó jẹrà bá wà láàárín 30cm síbi tí bẹ́líìtì ìjókòó tàbí suspension (àwọn irin àti sípíríǹgì tó so táyà mọ́ ọkọ̀) ti so mọ́ ara ọkọ̀, MOT lè já a. Fáíbà tàbí ohun tí wọ́n fi ń dí ihò kò tó níbẹ̀: irin tuntun ni, kí wọ́n sì jó etí rẹ̀ yíká láìfo ibì kan.

Ibi tó ṣì le, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sánpépà 80 ha á títí gbogbo èépá á fi tán. Ẹ nu òróró kúrò, kí ẹ wá fi rust converter, ìyẹn oògùn tó ń sọ ìdógùn-ún di ohun tó le, kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kì í ṣiṣẹ́ lórí èépá tàbí òróró. Tó bá di dúdú, tó sì gbẹ mọ́jú, ẹ fi epoxy primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó le) kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ará Peckham: Ẹ má gbàgbé inú sill o, ìyẹn irin tó ní ihò nínú tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀! Láti inú ló ti sábà máa ń jẹrà. Ẹ yọ àwọn ìdérí rọ́bà kékeré tó wà níbẹ̀, kí ẹ ki ọ̀pá tó ń fọ́n wax yíká bọ̀ ọ́. Agolo lítà márùn-ún tó ọkọ̀ yín: nǹkan bíi mẹ́ta fún abẹ́, ìyókù fún inú. Tó bá ki jù, ẹ gbé agolo sínú omi gbígbóná, ẹ má gbé e sórí iná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà tú gbogbo ihò tí omi ń gbà jáde, kí wax má dí wọn.

Ẹ fi ọ̀rá bo díìsì bíréèkì, saláńsà àti rọ́bà driveshaft (ọ̀pá tó ń yí táyà) kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ má ha páìpù bíréèkì líle. Tó bá ti ní ihò wínníwínní, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí cupronickel, àdàlù bàbà àti nickel, èyí tí kì í dógùn-ún.

Ará Leeds: Ẹ ṣeun gan-an. Oṣù wo ló dáa?

Ará Glasgow: July tàbí August, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Tó bá di April, ẹ fi họ́ọ̀sì lásán fọ iyọ̀ kúrò. Omi gbígbóná tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára á bó wax náà. Kí òtútù míì tó dé, ẹ tún ẹ̀yìn táyà iwájú fọ́n, torí òkúta títì ń ha ibẹ̀.