Gíláàsì iwájú alùpùpù: ibo ló yẹ kí etí rẹ̀ wà kí atẹ́gùn tó yé gbá wa lórí?

Arìnrìn-àjò: Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé o. Gíláàsì kékeré ló wà níwájú alùpùpù mi. Tí eré bá ti tó 100 km/h, atẹ́gùn á máa gbá àṣíborí mi sọ́tùn-ún sósì, mi ò sì ní í ríran dáadáa mọ́. Mo fẹ́ ra gíga. Báwo ni kó ṣe ga tó?

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, má tíì rà á. Atẹ́gùn tó ń lọ geere kì í gbọn èèyàn lórí, ńṣe ló kàn máa ń ti orí sẹ́yìn, ọrùn á sì gbà á. Èyí tó ń gbọn orí jìgìjìgì ni atẹ́gùn tó ti fọ́ létí gíláàsì, tó ń yí biribiri kó tó kan àṣíborí.

Ṣe ìdánwò kan ná, kò ní ná ẹ ní kọ́bọ̀. Lójú ọ̀nà tó tọ́, tí ọkọ̀ ò sí nítòsí, sá eré tí wàhálà yẹn fi máa ń bẹ̀rẹ̀, kí o dìde díẹ̀ lórí ìtẹsẹ̀. Tí orí ò bá mì mọ́, gíláàsì ló ń fà á. Jókòó padà, tẹ̀ síwájú kí àgbọ̀n rẹ sún mọ́ táǹkì. Tó bá pa rọ́rọ́ níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé àárín méjèèjì ni orí rẹ ń wà, níbi tó burú jù. O lè gbé etí gíláàsì sókè kí atẹ́gùn fo orí rẹ kọjá, o sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa kan àyà, kí orí wà nínú èyí tó ń lọ geere. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ro ti èkejì yìí rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń bá ẹni tó ga lára mu.

Eré tó o máa ń sá gan-an ni kí o fi dán an wò. Láti 100 sí 120 km/h, agbára atẹ́gùn á lé sí i ní nǹkan bíi 44 nínú 100.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ. Tó bá jẹ́ gíga lo máa rà, wọ àṣíborí rẹ, jókòó bó o ṣe máa ń jókòó, kí ẹnì kan di alùpùpù mú kó dúró ṣánṣán. Kí etí gíláàsì fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 wà nísàlẹ̀ ojú rẹ, ìyẹn ní ọ̀gangan imú. Orí rẹ̀ ni kí o máa wò kọjá, má ṣe máa wo inú rẹ̀: òjò á bò ó, tó bá sì di alẹ́, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ á tàn ká ara gbogbo ojú tó ti ha. Gé páálí, fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tó wà níbẹ̀ láti mọ gíga tó o nílò, kí o sì tú u kúrò kó o tó gbéra.

Arìnrìn-àjò: Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo dìde, ó dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ mo yá gíláàsì gíga kan lò, ńṣe ló tún burú sí i.

Bàbá Ìbejì: Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn kì í tó lẹ́yìn gíláàsì gíga, ti òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ á wá ya wọlé láti dí àlàfo yẹn, orí rẹ ni wọ́n á sì bá pàdé. Jẹ́ kí díẹ̀ gba ìsàlẹ̀ wọlé. Fi bóòtù tó gùn díẹ̀ àti rọ́bà sáàárín gíláàsì àti ara alùpùpù kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 wà níbẹ̀, tàbí kí o ra èyí tó ní ihò nísàlẹ̀. Tí ìyẹn ò bá tán an, wo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú. Atẹ́gùn máa ń gba ibẹ̀ gòkè wá sábẹ́ àgbọ̀n. Gbé báàgì sórí táǹkì kí o fi dán an wò. Tí ìyàtọ̀ bá wà, ike pẹlẹbẹ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì ló kù. Yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì kí o rí i pé kò kan wáyà tàbí rọ́bà bíréèkì kankan.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà kan náà, eré kan náà, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní í mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ jẹ́ kí n fi ti bóòtù kún un, torí ibẹ̀ ni gíláàsì ti máa ń bàjẹ́ jù. Fi wọ́ṣà rọ́bà tàbí ti ike sí i, kí o sì dúró ní kété tí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Tó o bá fún un le jù, á là láti ojú ihò. Tó bá jẹ́ ike tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ni wọ́n fi ṣe gíláàsì náà, má kán gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì máa ń fi sí bóòtù kó má baà tú sí i, ó máa ń jẹ ike yẹn. Bẹ́ńtíróòlù náà ńkọ́, àti oògùn tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ilé tó ní amóníà? Má jẹ́ kí wọ́n kàn án. Omi àti ọṣẹ rírọ̀ ni kí o fi fọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ ara ọwọ́ alùpùpù ni gíláàsì tó fẹ̀ dè mọ́, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ lè máa fà ọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré, dín eré kù díẹ̀díẹ̀, má tẹ bíréèkì lójijì, kí o sì wá èyí tó kéré sí i.

Bàbá Ìbejì: Kí o sì di àṣíborí rẹ mú, kí o yí i sọ́tùn-ún sósì. Tí awọ ojú rẹ ò bá bá a yí, ó ti tóbi jù, kò sí gíláàsì tó lè gbà ọ́. Fi ìdí-etí, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò etí, sí etí pẹ̀lú, torí bí orí ò tiẹ̀ mì mọ́, ariwo atẹ́gùn lórí 100 km/h ń ba etí jẹ́.