Ṣé wọ́n lè gba owó orí lọ́wọ́ mi nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣì wà nílẹ̀?

Oníṣọ́ọ̀bù Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mo ń tà ní Peckham, ní ìlú London níbí. Àwọn agbowó orí kọ̀wé sí mi pé èrè mi ju iye tí mo kọ sílẹ̀ lọ, wọ́n sì bu owó orí àti VAT, ìyẹn owó orí lórí ọjà, kún èyí tí mo ti san. N kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣòwò ní Ìkẹjà sọ pé nílé, ìlànà ọdún 2021 ti ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí ní kí olùpẹ̀jọ́ kọ́kọ́ fi ìdajì owó tí wọ́n ń jà lé lórí sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níbí, àbí ẹjọ́ tí mo bá pè ti tó láti dá wọn dúró?

Aṣírò-owó Woolwich:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀ ìdajì níbí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ nìkan kò dá agbowó orí dúró. Ní ti owó orí lórí èrè, abala 55 nínú òfin Taxes Management Act ti ọdún 1970 ní kí ẹ béèrè lọ́tọ̀, láàárín 30 ọjọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé náà, pé kí wọ́n dá gbígba owó náà dúró. Ẹ ó sọ iye tí ẹ rò pé ó pọ̀ jù, àti ìdí rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá jiyàn lé, ẹ gbọ́dọ̀ san án. Bí HMRC, ìyẹn àwọn agbowó orí ilẹ̀ Britain, bá kọ̀, ẹ ní 30 ọjọ́ mìíràn láti gbé ìbéèrè náà lọ sí First-tier Tribunal, ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, níbi tí adájọ́ kò ti ní wò bóyá owó wà lọ́wọ́ yín, bí kò ṣe bóyá ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà láti gbà pé owó tí wọ́n bù fún yín pọ̀ jù.

VAT ló le. Abala 84 nínú òfin VAT ti ọdún 1994 ní kí ẹ san owó náà kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ yín, àfi bí ẹ bá fi hàn pé sísan án yóò kó yín sínú ìnira. Ìwé báǹkì, gbèsè, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti owó ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó fi jẹ́rìí. Ẹkún lásán kò wúlò níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Mo fẹ́ fi kún un pé ìdádúró kì í ṣe ìdáríjì. Bí ẹ kò bá jàre, èlé yóò ti máa gun owó náà láti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti san án, àti láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi lé iye èlé Bank of England, báǹkì àgbà ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa san án ná. Bí ó bá jàre, wọn á dá a padà.

Oníṣọ́ọ̀bù Peckham:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí ìgbìmọ̀ náà bá dá mi lẹ́bi, tí mo sì tún gbé ẹjọ́ lọ sókè ńkọ́?

Aṣírò-owó Woolwich:
Ní ti owó orí lórí èrè, ààbò náà parí níbẹ̀. Abala 56 nínú òfin ọdún 1970 yẹn sọ pé ohun tí First-tier Tribunal bá pa láṣẹ ni ẹ ó san, bí ẹjọ́ tilẹ̀ ń lọ sí Upper Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ga jù ú lọ. Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà lè bá HMRC ṣe àdéhùn láti máa san án díẹ̀díẹ̀.