Ọkọ mi kò fẹ́ kí n lọ bá wọn ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Òkun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó pẹ́ tó ti ń wù mí láti bá àwọn dókítà tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ṣiṣẹ́, àwọn tó ń tún ètè yíya ṣe, tí wọ́n ń tú awọ tí iná ti fà pọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Àyè ti wá yọ báyìí ní òkèèrè. Ọkọ mi ní àfi kí òun kọ́kọ́ rí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi. Ṣé ọmọdé ni mí ni? Ìyá rẹ̀ tún dé láti Ìyàrà, ó ní ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ọmọ òun. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi ń lọ sí Dubai, ewúrẹ́ ni wọ́n pa.

Ọmọbìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí mo máa ń fọ egbò rẹ̀. Omi gbígbóná ló dà sí i lára. Awọ ọrùn rẹ̀ ti fà, àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Tó bá fẹ́ wojú mi, gbogbo ara ló fi ń yí. Nítorí irú wọn ni mo ṣe fẹ́ lọ. Báwo ni kí n ṣe bá àwọn èèyàn yìí sọ ọ́?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, rọra. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kàwé ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ọkọ mi ṣe. Iṣu ni mo gbé lọ bá a, mo sì kúnlẹ̀. Lọ kúnlẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Kí ló dé tó fi jẹ́ ìlú òkèèrè? Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ tí noma, àrùn tó ń jẹ ẹran ojú, ti jẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ wà ní Sókótó níbí. MSF, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣètọ́jú ọ̀fẹ́ káàkiri ayé, ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 2014. Àwọn ọmọ tí ebi ti hàn léèmọ̀ ló máa ń mú jù, 2023 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á mọ́ àwọn àrùn tí wọ́n pa tì.

Ìyá Ìbejì: Sókótó! Ọ̀nà wo ni yóò gbà débẹ̀?

Màmá Ayọ̀: Ètè àbíkẹ́yìn mi là nígbà tí mo bí i. Àwọn ará ilé ní kí n má gbé e jáde. Smile Train, àjọ tó ń sanwó iṣẹ́ abẹ ètè yíya, ló sanwó, dókítà ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kó wúwo dáadáa, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ètè mú ọmú dáadáa, mo sunkún. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Àǹtí Tíátà: Àbúrò, orílẹ̀-èdè wo ni? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Mo ti kúnlẹ̀ tó. Freetown ni, mà, nínú ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ilé ìwòsàn. Físà ló kù. Mo ti san ₦250,000 nínú owó àjọ mi fún bùọ̀dá tó ń bá wa ṣètò rẹ̀.

Àǹtí Tíátà: Físà kẹ̀? Sàró, ibi tí Freetown wà, wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà! Ọmọ Nàìjíríà kì í gba físà lọ síbẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù rẹ ti tó fún 90 ọjọ́. Owó kí lo san?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Gbájúẹ̀ ni! Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í gba owó.

Àǹtí Tíátà: Má ṣì í lọ́nà. Mercy Ships, àwọn tó ni ọkọ̀ ìwòsàn yẹn, ti wà láti 1978, ọkọ̀ wọn, Global Mercy, sì dé Freetown ní 2023. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń san owó ìrìn àjò wọn. Ṣùgbọ́n orí ìkànnì wọn gan-an lèèyàn ti ń kọ̀wé sí wọn, wọ́n á sì yẹ láísẹ́ǹsì rẹ wò. Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì tó o sanwó sí?

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Orúkọ rẹ̀ ni. Ó ní kó lè yá ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mà, ó máa ń gbàdúrà fún mi.

Ìyá Ìbejì: Lẹ́tà tí ọkọ rẹ ń béèrè, ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ?

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Wọn ò tíì kọ ọ́. WhatsApp la ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n fi ₦80,000 kún un kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.

Àǹtí Tíátà: Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́! Àárọ̀ ọ̀la, mú ẹ̀rí owó tó o san dání, lọ sí báńkì, kó o tibẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́ o.

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Mo ti gbọ́, mà. Mo ṣì fẹ́ lọ o. Ẹ bá mi fi ìkànnì wọn ránṣẹ́, èmi fúnra mi ni màá kọ̀wé. Ẹni tó bá mọ ọkọ mi níbí, ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì sọ fún un.